Kí nìdí tí sìlíńdà fi gbọ́dọ̀ dúró lóòró? Àlàyé lórí òfin gáàsì àti epo níbi iṣẹ́

Ọ̀dọ́ tó bá kúrò ní Kàbbà tàbí Ìyàrà lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ kọngílá ní ilé-iṣẹ́ ńlá, irú èyí tó wà ní Ọbajana, kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ kí wọ́n tó ka òfin sí i létí. Sìlíńdà gbọ́dọ̀ dúró lóòró. Ẹ má gbé e wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ọ́síjìn àti gáàsì wà lójú kan. Ẹ má jó irin mọ́ dúrọ́ọ̀mù tó ti gba epo rí. Á gbọ́, á fọwọ́ síwèé, á dé àkẹtẹ̀ ike, ó di ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á padà wálé, á ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sẹ́bàá títì. Ẹ yà á wò lọ́jọ́ kan, ẹ ó bá sìlíńdà tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ọ́síjìn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe é. Òfin ni wọ́n kà fún un, wọn ò sọ ìdí rẹ̀. Òfin tí èèyàn ò sì mọ ìdí rẹ̀, ìgbà tí ojú ọ̀gá bá wà níbẹ̀ nìkan ló ń pa á mọ́.

Ìdí yẹn ni àlàyé yìí wà fún. Mo ń bá ìyá tó ń dáná ní búkà sọ̀rọ̀, àti oníbúrẹ́dì, àti mẹkáníìkì, àti jórinjórin, àti ọmọ tó ń ta epo ní ilé epo. Bí ẹ bá ti mọ ìwà gáàsì, ọ̀pọ̀ nínú òfin wọ̀nyí ni ẹ̀yin fúnra yín ì bá ṣe kí ìjọba tó ronú kàn án.

Ohun tó wà nínú sìlíńdà ìdáná jẹ́ oríṣi méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀: propane àti butane. Àpapọ̀ wọn ni wọ́n ń pè ní LPG. Ìwé òfin tó bá ti Amẹ́ríkà wá, propane ni á máa dárúkọ, torí òun ni wọ́n ń lò jù níbẹ̀. Ní tiwa, butane ló pọ̀ jù. Ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ NLNG ní Bonny bẹ̀rẹ̀ sí í kó gáàsì ìdáná wá sọ́jà ilẹ̀ wa, butane ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀; ọdún 2021 ni wọ́n tó fi propane kún un. Àwọn méjèèjì jọra, àmọ́ agbára wọn yàtọ̀. Nínú ooru 30°C, tí í ṣe ọ̀sán tiwa lásán, butane nìkan á máa ti ara sìlíńdà pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi 2 bar, propane nìkan á fi tó 10 bar tì í. Kí ẹ lè mọ bó ṣe tó, afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré kì í ju nǹkan bíi 2 bar àti díẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé rẹ́gúlétọ̀ tí ẹnì kan fi wáyà so, tàbí fáfù tí mẹkáníìkì fi òòlù gbá kó lè wọlé, kì í ṣe ohun àwàdà.

Gáàsì ni a ń pè é, ṣùgbọ́n omi ló jẹ́ nínú sìlíńdà. Ẹ mì í, ẹ ó gbọ́ ọ. Agbára tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló sọ ọ́ di omi. Nígbà tí ẹ bá ṣí fáfù, gáàsì tó wà lókè omi náà ló ń jáde, omi tó wà nísàlẹ̀ á máa hó láti fi dípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara sìlíńdà oníbúrẹ́dì fi máa ń tutù, tó sì ń làágùn nígbà tí ààrò bá ń ṣiṣẹ́ gan-an. Lítà kan omi propane, bó bá di gáàsì, á gba àyè tó tó 270 lítà. Ti butane dín díẹ̀ sí i. Ìyẹn ni pé bí omi bá jò ní ìwọ̀n ife kan, yàrá kékeré kan lè kún fún ewu.

Ìwà kejì ló ń pa èèyàn jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ojú wa ti mọ́ èéfín tó ń gòkè, torí náà a gbà pé ohunkóhun tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ á lọ sókè. Gáàsì ìdáná kì í lọ sókè. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àtààbọ̀, butane fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ. Á gba abẹ́ ilẹ̀kùn, á wọ gọ́tà, á bọ́ sínú kòtò tí mẹkáníìkì ń dúró sí lábẹ́ ọkọ̀, á sì jókòó síbẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́ tó máa gbé e kúrò. Kò pọn dandan kí iná wà nítòsí sìlíńdà. Alákàrà tó ń dín tirẹ̀ lódìkejì ọgbà lè ni iná tí gáàsì náà ń wá, iná á sì gba ojú ọ̀nà tí gáàsì gbà wá padà lọ sí orísun. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí á máa búra pé òun ò ṣáná. Òótọ́ ló ń sọ.

Láti ibi ìwà kan ṣoṣo yìí ni òfin ibi ìtọ́jú ti wá, gbogbo rẹ̀ pátá. Kí sìlíńdà wà níta, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tí wọ́n gbé sókè díẹ̀. Kó jìnnà sí gọ́tà, kànga àti kòtò. Bí ilé bá máa bò ó, kí ihò afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀ ògiri. Fèrèsé òkè nìkan kò lè ran gáàsì tó ń wọ́ nílẹ̀ lọ́wọ́. Òfin OSHA, àjọ tó ń bójú tó ààbò ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fún ibi ìkọ́lé sọ ọ́ ní ṣókí: wọn ò gbọdọ̀ tọ́jú LPG sínú ilé. Fún tánkì ńlá tí wọ́n gbé kalẹ̀ sójú kan, òfin wọn tún wọn àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín tánkì àti ilé. Èyí tó bá gba láti 125 títí dé 500 gálọ́ọ̀nù, ìyẹn nǹkan bí 470 sí 1,900 lítà, á fi ẹsẹ̀ bàtà 10 jìnnà sí ilé; èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé 2,000 gálọ́ọ̀nù á fi ẹsẹ̀ bàtà 25 jìnnà. Àlàfo yẹn ni afẹ́fẹ́ fi ń ráyè tú gáàsì ká kó tó débi iná.

Mo mọ èsì tí màmá oníbúkà á fún mi: "Ọmọ mi, bí mo bá gbé e síta, ta ló máa bá mi ṣọ́ ọ?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, torí owó sìlíńdà ti kúrò ní kékeré. Àmọ́ jórinjórin tó wà ládùúgbò lè fi irin àti wáyà oníhò ṣe àgò kan tí wọ́n á rì mọ́ ògiri ẹ̀yìn búkà, kí ẹ fi àgádágodo tì í. Afẹ́fẹ́ á máa gba ara rẹ̀ kọjá, olè ò ní rí i gbé. Rọ́bà á gba inú páìpù kékeré tí ẹ fi sínú ògiri kọjá, kí ẹnu ògiri má bàa gé e. Ohun tí mi ò fẹ́ rí ni àgò tí wọ́n fi páànù bò yíká bíi pósí. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí inú ilé.

Àsìkò ọyẹ́ ló yẹ ká ṣọ́ra jù nílẹ̀ wa. Òtútù òwúrọ̀ á mú káwọn èèyàn ti ilẹ̀kùn, oníbúrẹ́dì á ti fèrèsé kí eruku má bàa bà sórí ìyẹ̀fun, ààrò á sì wà ní títàn láti òru. Rọ́bà tó ti ń sán nínú ilé tí wọ́n tì gbọin-in gbọin-in báyìí, kò sí ohun tó máa gbé gáàsì rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá ní láti ti fèrèsé nítorí eruku, ẹ fi ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ fi wáyà oníhò wẹ́wẹ́ bò ó.

Ìwà kẹta ló máa ń da àwọn èèyàn lójú rú. Gáàsì kì í jó bó bá kéré jù nínú afẹ́fẹ́, kì í sì í jó bó bá pọ̀ jù. Láti nǹkan bí ìdá 2 títí dé bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ń gbaná. Ẹni tó bá ṣáná nítòsí ibi tó ti ń jò tí kò rí nǹkan kan á rò pé kò séwu, kó tó di pé iná gbá a mú ní ẹnu ilẹ̀kùn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti wọ inú gáàsì tó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń fi ìṣáná wá ibi tí rọ́bà ti ń jò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi kan ẹnu fáfù, ìdí rẹ́gúlétọ̀ àti orí klíìpù méjèèjì. Bó bá ń hó, ó ń jò. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Rọ́bà tó bá ti le tàbí tó ti sán, ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ má fi àjákù rọ́bà tàbí wáyà so ó.

Gáàsì yìí kò ní òórùn rárá látilẹ̀wá. Èyí tí a ń gbọ́, tó dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́, wọ́n dà á sí i ni, kí imú lè kìlọ̀ fún wa. Mercaptan ni orúkọ ohun náà. Àmọ́ imú máa ń sú. Ẹni tó ti wà nínú òórùn náà fún ìgbà díẹ̀ kò ní gbọ́ ọ mọ́, ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe kò ní gbọ́ ọ rárá. Ìpẹtà inú sìlíńdà tó ti wà lófìfo fún ìgbà pípẹ́ tún lè gba òórùn náà lára rẹ̀. Ẹ gba òórùn gbọ́ bó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ewu ò sí.

Bí ẹ bá wá gbọ́ òórùn ńkọ́? Ẹ ti fáfù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ má fọwọ́ kan súwíìsì kankan, yálà láti tàn án tàbí láti pa á, torí méjèèjì ló ń ta ẹ̀ta iná kékeré nínú. Ẹ má tan fáànù pé ẹ fẹ́ fẹ́ gáàsì jáde. Ẹ jáde, kí ẹ tó fóònù ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí sìlíńdà tó dúró lóòró. Lórí tánkì ńlá àti ọ̀pọ̀ sìlíńdà, fáfù kékeré kan wà tó ń ṣí ara rẹ̀ bí agbára inú bá ti pọ̀ jù, á tú díẹ̀ jáde, á tún padà pa. Gáàsì ni wọ́n ṣe fáfù yẹn fún. Bí sìlíńdà bá dùbúlẹ̀, omi á dé ẹnu fáfù náà, omi ni á sì máa tú jáde, èyí tó lè di ìlọ́po 270 níta. Rẹ́gúlétọ̀ náà, gáàsì ni wọ́n ṣe é fún; bí omi bá gba inú rẹ̀ kọjá, iná ààrò á gùn lójijì dé òrùlé. Omi yẹn tún tutù gan-an: propane ń hó ní -42°C, bó bá kan ara, á jó o bí iná ṣe ń jó ara. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń rọ gáàsì fi gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀ka pàtó kan wà tó yàtọ̀: sìlíńdà tí wọ́n fi sára fọ́kílíìfù, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé ẹrù sókè ní ilé-iṣẹ́, èyí tí wọ́n dìídì ṣe kó lè dùbúlẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn wé sìlíńdà ìdáná.

Ohun kan náà ló fà á tí wọn kì í fi rọ gáàsì kún sìlíńdà dé ẹnu. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni òpin. Omi gáàsì máa ń wú nínú ooru ju omi mímu lọ fíìfíì, ìdá 20 tó kù yẹn ni yàrá tó ń wú sí. Bí kò bá sí yàrá, ara irin ni á máa tì, irin kì í sì í fẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rọ gáàsì fún lọ́wọ́ òwúrọ̀ tútù ní Ẹ̀gbẹ̀, tó sì fi sìlíńdà sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ nínú oòrùn títí dé Lọ́kọ́jà, yàrá yẹn nìkan ló ń gbà á là.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé wọn ò rọ ọ́ kọjá ni ìwọ̀n. Wọ́n kọ ìwọ̀n òfìfo sára irin sìlíńdà. Bí ẹ bá rí 13.5 lára èyí tí í ṣe 12.5 kílò, 26 kílò ni ìwọ̀n gbọ́dọ̀ kà nígbà tó bá kún. Bó bá kọjá, ẹ ní kí wọ́n tú u. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún yín ní ènì, gáàsì kì í ṣe gàrí. Àwọn tó ń yí sìlíńdà ńlá dé orí, tí wọ́n ń fi rọ́bà rọ ọ́ sínú kékeré lẹ́bàá ọ̀nà, wọn ò lè mọ ibi tí ìdá 80 wà, omi sì ni wọ́n ń dà, kì í ṣe gáàsì. Iṣẹ́ yẹn ò yẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì rárá, bó ti wù kó yá tó.

Ọ̀rọ̀ iná ló kàn. Òfin kan wà tó dà bí ìsọkúsọ létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ: bí gáàsì bá ń jó lẹ́nu fáfù, ẹ má pa iná náà tí ẹ ò bá lè ti fáfù. Bí iná bá kú tí gáàsì ṣì ń jáde, á máa wọ́ kiri ilẹ̀ títí á fi tún rí iná, èyí tó máa tẹ̀ lé e á sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iná tó ń jó lójú kan, ẹ mọ ibi tó wà. Bí ẹ bá lè fi aṣọ tútù bo ọwọ́ kí ẹ sì ti fáfù, ẹ ti í, iná á kú fúnra rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ kó àwọn èèyàn jìnnà.

Sìlíńdà tí iná mìíràn ń jó lára lóde ló ń bú gbàmù. Ibi tí omi gáàsì dé nínú rẹ̀, omi náà ń gba ooru lára irin. Òkè omi ni irin ti ń gbóná tí nǹkan kan ò tù ú, á rọ̀, á ya. Ibẹ̀ ni àwọn panápaná ń kọjú omi sí láti òkèèrè. Ní 19 oṣù Kọkànlá 1984, ní San Juan Ixhuatepec lẹ́bàá ìlú Mexico City, páìpù kan já ní ibi ìkógáàsìsí. Gáàsì kọ́kọ́ wọ́ nílẹ̀ tàn kálẹ̀ títí ó fi rí iná, lẹ́yìn náà ni tánkì ń bú tẹ̀ lé ara wọn. Nǹkan bí 500 èèyàn ló kú, púpọ̀ nínú wọn ni ilé wọn sún mọ́ ọgbà náà. Gbogbo ohun tí òfin àlàfo ń sọ wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àṣà kíkọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù yí ibi ìrọgáàsì ká lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un láṣẹ. Ẹni tó ní gáàsì ra ilẹ̀ tó jìnnà. Àwa la wá bá a níbẹ̀.

Ẹ̀yin jórinjórin àti pánẹ́lì bítà, tiyín ní ìwà mìíràn lórí èyí. Ọ́síjìn fúnra rẹ̀ kì í jó, àmọ́ ó ń jẹ́ kí gbogbo ohun mìíràn jó kíákíá. Gírísì tàbí ọ́ìlì tó bá kan ẹnu fáfù ọ́síjìn lè gbaná láìsí ẹni tó ṣáná. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ ṣí ọ́síjìn kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ẹ má sì fi ọ́síjìn fẹ́ eruku kúrò lára aṣọ, aṣọ á gbà á mọ́ra, ẹ̀ta iná kan á sì tó. Òfin OSHA ní kí sìlíńdà ọ́síjìn tí wọ́n tọ́jú fi ẹsẹ̀ bàtà 20 jìnnà sí ti gáàsì tó ń jó, tàbí kí ògiri tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, tí iná kò lè jó já láàárín ààbọ̀ wákàtí, wà láàárín wọn. Ògiri bíríkì lásán tó bẹ́ẹ̀ kò wọ́n.

Àwọn tó ń po kábáìdì pọ̀ mọ́ omi, acetylene ni gáàsì tí ẹ ń ṣe. Ó burú ju ti ìdáná lọ: láti nǹkan bí ìdá 2.5 títí kọjá ìdá 80 nínú afẹ́fẹ́ ló ti ń gbaná, tí ìyẹn fi jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí kò ti lè jó. Bí agbára rẹ̀ bá kọjá 15 psi, ìyẹn nǹkan bíi 1 bar, ó lè bú fúnra rẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́ rárá, torí náà dúrọ́ọ̀mù tí kò ní géèjì kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn. Kábáìdì gbọ́dọ̀ wà nínú agolo gbígbẹ tó dé pinpin. Ìdọ̀tí funfun tí ẹ ń dà sí gọ́tà ṣì lè máa tú gáàsì. Ẹ dà á síta gbangba. Kí fáfù tó ń dá iná padà sì wà lára rọ́bà méjèèjì.

Mo ti sọ pé gáàsì kì í jó bó bá pọ̀ jù. Ẹ fi ìyẹn ro dúrọ́ọ̀mù pẹtiróòlù. Èyí tó kún fọ́fọ́, èéfín epo tó wà lókè rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ohun tó lè jó lọ. Èyí tí wọ́n ti dà nù, tó ku ìwọ̀nba lára irin, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, àdàlù náà ti wà láàárín 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún tí pẹtiróòlù ń gbà jó. Ìdí nìyẹn tí dúrọ́ọ̀mù òfìfo fi ń pa jórinjórin. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé tánkì ọkọ̀ wá pé "ọ̀gá, ó ti ṣófo, ẹ bá mi jó o," ìgbà tó léwu jù ló gbé e wá. Omi lásán àti ọṣẹ kò tó; epo máa ń fara pamọ́ sínú ìpẹtà àti ojú ìránrin, ooru ọwọ́ jórinjórin ló máa lé e jáde. Ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi atẹ́gùn omi híhó fọ̀ ọ́, á fi gáàsì tí kì í jó kún un, á sì fi ẹ̀rọ wọn inú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé iná sún mọ́ ọn. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dá oníṣẹ́ padà. Tánkì àlòkù wà lọ́jà.

Pẹtiróòlù máa ń tú èéfín tó lè gbaná kódà nínú òtútù -40°C. Kẹrosíìnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó di 38°C, dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọjá 50. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí òwúrọ̀ ọyẹ́ kankan ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú tí kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù ò lè gbaná. Èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, ilẹ̀ lòun náà ń wọ́. Bí ẹ bá ń ra epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e sílẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́, kí irin ẹnu pọ́ǹpù kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Epo tó ń ṣàn máa ń kó iná mànàmáná kékeré jọ. Lórí ọ̀kadà tàbí lórí rọ́bà bọ́ọ̀tù ọkọ̀, kò ní ọ̀nà tó máa gbà wọlẹ̀, á sì ta. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ kú, kó sì tutù, kí ẹ tó bu epo sí i, kí kẹ́ẹ̀gì má sì sí nítòsí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má gbé e sínú ilé tàbí sí ẹnu fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, gáàsì olóró tí kò lóòórùn rárá.

A ò tíì gbàgbé 23 oṣù Kẹsàn-án 2020 ní Felele, Lọ́kọ́jà, nígbà tí ọkọ̀ agbépo kan pàdánù ìjánu tó sì gbaná láàárín ọ̀nà. Ó ju 20 èèyàn tó kú, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ níhà tiwa, ẹ mọ èyí: bí ọkọ̀ agbépo bá ṣubú, gọ́tà ni epo ń gbà, kò sì ní dúró ní ibi tí ọkọ̀ wà. Ibi tó ga ni kí ẹ sá lọ, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Fídíò lè dúró.

Ó ku ta ló ni ẹ̀bi. Láti ìgbà Òfin Ilé-iṣẹ́ Epo ti 2021, NMDPRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó títa epo àti gáàsì, ló ń fún ilé epo àti ibi ìrọgáàsì láṣẹ. Ẹ lè béèrè ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Òfin Ilé-iṣẹ́, ìyẹn Factories Act, gbé ètò ààbò lé ọ̀gá tó ni ibi iṣẹ́ lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: kó lo ohun ààbò tí wọ́n fún un, kó má mọ̀ọ́mọ̀ ba á jẹ́. "Òun ló ṣí fáfù" kò tó láti yọ ọ̀gá tí kò ra klíìpù.

Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti 2010 ló ní èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ọ̀gá ni á máa san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù fún àjọ NSITF, àjọ ìjọba tó ń san ẹ̀san fún òṣìṣẹ́ tó farapa, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Bí ẹnì kan bá farapa, kó fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Bí ẹni tó farapa ò bá lè kọ̀wé, kí ará ilé rẹ̀ bá a kọ ọjọ́, wákàtí, ibi àti bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí wọ́n sì mú ẹ̀dà kan dání. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí a ń rán lọ kọ́ mẹkáníìkì àti ìjórin, tí a máa ń sọ pé wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ torí pé wọn kì í gbowó oṣù? Òfin náà ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ì báà jẹ́ ẹnu nìkan ni wọ́n fi ṣe àdéhùn.